Ṣé igi ni kò jẹ́ kí fáyólíìnì tí mo kàn dún, àbí ọwọ́ mi?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, tẹ́kíníkà dírọ́ìn ni mo fi ọdún 30 kọ́ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ igi, mo ti kan àga, mo ti kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ní òun fẹ́ kọ́ fáyólíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo bá ní kí n kàn án fún un fúnra mi. Pákó ọ̀gànwó ni mo lò, mo tẹ̀lé ìwọ̀n tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gígùn ara ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 356 géérégé. Mo fi ojú àti ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 5 kó má baà fọ́, gọ́ọ̀mù funfun ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo fi lákà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ń dán bíi dígí. Àmọ́ ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí. Ìgbà tí ọyẹ́ wá dé, ojú ẹ̀ sán láti ìsàlẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ihò. Ọ̀gá akọrin wa ní igi òyìnbó nìkan ló ń dún, pé igi yẹn gan-an ni àṣírí Stradivari. Ṣé kí n ra igi láti òkè òkun ni, àbí kí n jáwọ́? Ọ̀pá kékeré inú ẹ̀ ńkọ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín gan-an, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tí mo dé ibi lákà ẹlẹ́ẹ̀mẹfà yẹn mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú, èmi náà ṣe é rí ni. Ọdún 14 rèé tí mo ti ń fi ọwọ́ kan fáyólíìnì, kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun o, ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ni mo fi ń ṣe é, mo ti parí mẹ́sàn-án, nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mẹ́rin péré ni mo lè gbé fún èèyàn láìtijú. Ohun tó ń dùn yín, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ẹ fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ìta pé, ó dán, ó rẹwà, kò sì fọhùn, ẹnì kan wá sọ fún yín pé kò lè fọhùn láéláé torí igi ilẹ̀ wa ni. Irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ díẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ohun kan wà tí ẹ ò bi mí tó jẹ́ pé òun lojú mi kọ́kọ́ lọ sí. 356 tí ẹ wọ̀n yẹn, fáyólíìnì àgbàlagbà nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní 4/4. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 9, 1/2 tàbí 3/4 ló máa ń bá wọn mu, gígùn apá la fi ń mọ̀ ọ́n: ẹ gbé e lé èjìká ọmọ náà, ẹ ní kó na apá òsì dé orí ẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ bá ká orí yẹn tí ìgúnpá ẹ̀ sì tún tẹ̀ díẹ̀, ó bá a mu nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣe ló na apá gbọọrọ kó tó kàn án, ó tóbi jù. Kódà kí èyí tí ẹ kàn máa dún bí agogo, ọrùn àti èjìká ni ì bá máa dun ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́, ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ ṣì ní bí ọdún 2 tàbí 3 kó tó nílò 4/4 ni, kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Ó yá, ọ̀rọ̀ igi. Ìtàn Stradivari tí ọ̀gá akọrin yín gbọ́, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Cremona ní Ítálì ni ọkùnrin yẹn gbé tó ti ń kan fáyólíìnì, ọdún 1737 ló kú, láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń wá àṣírí ẹ̀ kiri, ẹlòmíì ní fáníìṣì ni, ẹlòmíì ní omi tí wọ́n rẹ igi sí ni, ẹlòmíì ní òtútù ayé ìgbà yẹn ló mú igi le. Ṣùgbọ́n ní 2010 àwọn onímọ̀ kan kó àwọn 21 tó mọ fáyólíìnì lò dáadáa jọ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi awò dí wọn lójú kí wọ́n má baà rí ohun tí wọ́n dì mú, tuntun 3 wà níbẹ̀, Stradivari 2 wà níbẹ̀, Guarneri 1 náà wà níbẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ará Cremona àtijọ́ míì, tuntun kan ni wọ́n fẹ́ràn jù lọ, Stradivari kan ló sì gbẹ́yìn. Nítorí náà ẹ fi àṣírí yẹn sílẹ̀ jàre.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá akọrin ni pé ojú fáyólíìnì, ìyẹn pákó iwájú tí ihò méjèèjì wà lára ẹ̀, òun ni awọ ìlù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í fi awọ màlúù tó nípọn bo dùndún kó wá máa retí kó sọ̀rọ̀. Pákó yẹn gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kó lè gbọ̀n, ó sì tún gbọ́dọ̀ le, torí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ bá fà wọ́n tán, agbára ìfà wọn lápapọ̀ máa ń tó kìlò 20 sí 25, afárá tó gbé wọn á wá máa tẹ ojú yẹn mọ́lẹ̀ bí ìgbà téèyàn gbé ẹrù kìlò 7 sí 10 lé e, tọ̀sán tòru. Fífúyẹ́ àti líle kì í sábà bára gbé nínú igi kan. Igi spruce tó ń hù lórí àwọn òkè olótùútù ní Yúróòpù ló ní méjèèjì pọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn. Ọ̀gànwó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, tí ẹ bá ní kí ẹ gé e títí á fi fúyẹ́ tó spruce, ẹ máa gé e dé ibi tí kò ti ní lè gbé afárá mọ́. Èmi náà ti dán arère wò rí, mo rò pé mo ti já ọgbọ́n kan, torí arère fúyẹ́ bíi spruce, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ó dún dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n tó mọ̀ ojú ẹ̀ ti jìn sílẹ̀ lábẹ́ afárá bí ìrọ̀rí téèyàn sùn lé mọ́jú. Ó fúyẹ́, kò le. Torí náà tó bá jẹ́ ojú nìkan, èmi àti ọ̀gá akọrin fohùn ṣọ̀kan, ẹ ra spruce. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn ńkọ́? Igi maple làwọn ará Cremona lò, ṣùgbọ́n ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa máa ṣe é, ohùn ẹ̀ lè má mọ́ gaara tó ti maple, kò sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn lé ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ṣùgbọ́n spruce tó dáa jù láyé, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní mìlímítà 5, àpótí náà ló máa jẹ́. Ibí gan-an ni ohùn tiyín kú sí. Ojú tó jẹ́ spruce, bíi 2.5 sí 3 ni gbogbo ẹ̀ máa ń jẹ́, ẹ̀yìn máa ń tó 4.5 láàárín, á wá máa tínrín lọ sí bíi 2.5 lápá òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó yí i ká ò ju 1 sí 1.2 lọ. Ẹ̀rù tó bà yín yé mi, ẹni tó ti kan kọ́bọ́ọ̀dù rí, lójú ẹ̀ pákó mìlímítà 3 ò lè gbé nǹkan kan. Ohun tó ń gbé e ni pé kò tẹ́jú, ṣe ló yọ sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, gíga ẹ̀ láàárín máa ń tó mìlímítà 15, ẹ wo bí èèpo ẹyin ṣe tínrín tó tí adìyẹ ṣì ń jókòó lé e. Èmi kọ́, òdìkejì tiyín ni mo ṣe. Àkọ́kọ́ tí mo kàn, ìka ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo máa ń fi ìka méjì fún pákó náà níbí, mo fún un lọ́hùn-ún, mo ní ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan mo gbé e sókè sí gílóòbù kí n yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn, àfi ibì kan tó tó ẹyọ kọ́bọ̀ tó pọ́n yòò bíi bébà tí epo kán sí, mo fi ìka kàn án pẹ́ẹ́, ìka wọlé. Iṣẹ́ oṣù méjì. Torí náà ẹ wá kálípà tó ní aago lórí, èyí tí ẹnu ẹ̀ gùn tó lè dé àárín pákó, tí kò bá sí, ẹ fi dírílì lu ihò kéékèèké sí inú pákó náà, kí gbogbo wọn dúró níbi tó máa ku mìlímítà 4, ẹ wá máa gbẹ́ ẹ títí àwọn ihò yẹn á fi parẹ́, ìyókù ẹ fi irin pẹlẹbẹ ha á díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe sáńpépà.

Sísán tó sán nígbà ọyẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ohùn. Ẹ lọ wo ẹnu pákó tó kù nílẹ̀, ibi tí ayùn ti gé e ní ìdábùú. Tí ìlà inú igi bá dùbúlẹ̀, pákó bẹ́ẹ̀ máa ń wú tó sì máa ń súnkì tó bí ìlọ́po méjì èyí tí ìlà ẹ̀ dúró ṣánṣán. Èyí tó dùbúlẹ̀ yẹn lẹ máa rí jù ní sọmíìlì torí pákó ẹ̀ máa ń fẹ̀, fún kọ́bọ́ọ̀dù kò burú rárá. Fún fáyólíìnì, kí ìlà dúró ni, ká sì la pákó kan náà sí méjì bí ìwé tí a ṣí, ká lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ tún wà níbẹ̀. Pákó tí wọ́n bá ní ó ti gbẹ lọ́jà, ẹ má gbà wọ́n gbọ́, ẹ gé e ní ìwọ̀n tí ẹ máa lò, ẹ gbé e lé síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn fúláwà nílé, ẹ fi bírò kọ ìwọ̀n ẹ̀ àti ọjọ́ sára ẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde lára ẹ̀ nìyẹn. Mo ní ọ̀kan tí ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti lo ọdún méjì ní ṣẹ́ẹ̀dì, ó sọ gíráàmù 140 nù lọ́wọ́ mi láàárín oṣù mẹ́ta.

Àmọ́ gọ́ọ̀mù funfun yẹn ló parí iṣẹ́. Ó le ju igi fúnra ẹ̀ lọ, fún àga ohun tó dáa nìyẹn, fún fáyólíìnì àṣìṣe ni. Igi máa súnkì nígbà ọyẹ́, ẹ ò lè dá a dúró, ibì kan gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Gọ́ọ̀mù awọ làwọn tó ń kan fáyólíìnì máa ń lò, tó bá wá kan lílẹ ojú mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi omi là á kó ṣàn, kó lè jẹ́ pé etí ló máa ṣí, kì í ṣe pákó ló máa là. Etí tó ṣí, láàárín ogún ìṣẹ́jú ẹ ti lẹ̀ ẹ́ padà. Tiyín, etí kọ̀ kò ṣí, ni pákó bá là. Gọ́ọ̀mù awọ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa o, ẹni tó bá ti bọ pọ̀nmọ́ rí tó gbàgbé omi ẹ̀ sínú ìkòkò di àárọ̀ ti rí bó ṣe ń dì tó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, nǹkan kan náà ni, ara awọ àti egungun ẹran ló ti ń wá. Èyí tí wọ́n ń tà máa ń rí bíi hóró ṣúgà tó pọ́n, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, ẹ gbé ìgò ẹ̀ sínú omi gbígbóná kó wà ní bíi dígíríì 60, kó má hó. Mo jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan, ilé rùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó mi ní kí n yan ọ̀kan nínú òun àti ìkòkò yẹn, gọ́ọ̀mù náà gan-an kò lẹ nǹkan kan mọ́ torí híhó ti ba agbára ẹ̀ jẹ́. Ooru ilẹ̀ wa ṣe é láǹfààní ní ti pé kì í yára dì kí ẹ tó gbé pákó lé e, ṣùgbọ́n ẹ má fi fáyólíìnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn láé, ọrùn ẹ̀ lè ṣí kúrò.

Ọ̀pá kékeré wàyí, èyí tó dúró nínú láti ojú dé ẹ̀yìn. Anima làwọn ará Ítálì ń pè é, âme làwọn ará Faransé ń pè é, ọkàn ni méjèèjì túmọ̀ sí, ẹ wá lẹ ọkàn mọ́ àárín. Kì í gba gọ́ọ̀mù rárá, bí okùn ṣe ń tẹ ojú mọ́lẹ̀ ló ń dì í mú. Spruce ni kí ẹ fi ṣe é, kó rí roboto ní bíi mìlímítà 6, lápá okùn E, èyí tó tínrín jù, ló ń dúró, bíi mìlímítà 2 tàbí 3 sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ afárá tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kejì, lápá okùn G, èyí tó nípọn jù, ó yẹ kí igi gígùn kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ojú, gígùn ẹ̀ máa ń tó mìlímítà 270, ẹ ò dárúkọ ẹ̀ rárá, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹsẹ̀ afárá tó wà nítòsí ọ̀pá ò lè mì púpọ̀, ẹsẹ̀ kejì ló ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan jó, òun ló ń mi pákó tó ń ti afẹ́fẹ́ jáde gba ihò, igi gígùn yẹn ló sì ń pín ijó náà ká gbogbo ojú. Tí ọ̀pá bá wà láàárín, tí wọ́n tún wá lẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di arọ. Láti gbé e wọlé, sípóòkì kẹ̀kẹ́ ni mo lò, mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà S, mo pọ́n ẹnu kan kó mú, mo gún un sára ọ̀pá, mo tì í gba ihò ojú wọlé, mo wá ń fi tọ́ọ̀ṣì yọjú láti ihò kékeré tó wà nídìí. Ó dúró, mo fa sípóòkì, ó ṣubú. Mo dojú fáyólíìnì délẹ̀ mo gbọ̀n ọ́n jáde, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pe ìrun ìṣáì kó tó gbà. Kó kàn há díẹ̀ ni, tí ẹ bá ní láti fi agbára tì í, ó gùn jù, ó máa ti ojú sókè.

Lákà yẹn ò tó nǹkan tá a máa fi gbogbo ọjọ́ sọ, rọ́bà ló jẹ́, ẹ wọ ẹ̀wù òjò mẹ́fà fún un. Ìgbà míì ẹ fi ṣẹ́láàkì tí ẹ pò mọ́ sípírítì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ má jáwọ́, àmọ́ ẹ má ra igi òkè òkun lónìí náà. Fún ọmọ yẹn, ẹ ra 1/2 tàbí 3/4 tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tàbí kí ẹ yá a bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń yá a, kó máa kọ́ nǹkan ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kan fáyólíìnì torí kó lè din owó kù ń tan ara ẹ̀ ni, tí ẹ bá ṣírò spruce, okùn, pákó dúdú orí ọrùn àti bọ́tìnnì ẹ̀, ó máa ń ju owó ti Ṣáínà lọ kí ẹ tó gbé irin sí i. Àwọn kan máa ń ra èyí tí wọ́n ti kàn tán tí wọn ò tíì kùn, wọ́n á wá tún inú ẹ̀ ṣe, ọ̀nà tó dáa ni láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to afárá àti ọ̀pá, àmọ́ lójú tèmi ẹ ti kọjá ìyẹn, ẹni tó lè gbẹ́ orí tó ká, èyí táwọn ará Jámánì ń pè ní ìgbín, kò nílò kí wọ́n gbé ara tí wọ́n ti kàn fún òun. Èyí tó sán yẹn ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ tó tínrín tẹ́ ẹ ti mú gbóná díẹ̀ ṣí etí ojú ẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun máa bá yín jà, ó lè já ẹ̀gbẹ́ níbì kan, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ ha ojú náà dé bíi 3.5, ẹ má jẹ́ kó dé 3 torí ọ̀gànwó tó dùbúlẹ̀ ni, ẹ lẹ igi gígùn sí i, ẹ di ibi tó sán, ẹ fi gọ́ọ̀mù awọ tó ṣàn dé e padà, ọ̀pá ní àyè ẹ̀. Mi ò rí i lójú, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀, torí náà mi ò lè ṣèlérí pé ó máa dùn, ṣùgbọ́n ó máa jáde kúrò nínú àpótí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ra spruce fún ojú ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì ti máa wọn ọ̀gànwó ẹ̀yìn ẹ̀ lórí síkéèlì ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dọ̀la ni okùn. Tí okùn bá ṣì wà lórí ẹ̀ ní fífà, ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ yìí, torí ibi tó sán ti dé ẹ̀gbẹ́ ihò, tó bá dé abẹ́ afárá iṣẹ́ ẹ̀ máa di méjì. Tí ẹ bá wá ṣí ojú náà, kí ẹ tó ha nǹkan kan kúrò, ẹ gbé e lé síkéèlì fúláwà yẹn. Ojú spruce pẹ̀lú igi gígùn inú ẹ̀ máa ń wọ̀n bíi gíráàmù 65 sí 75. Mo fẹ́ mọ iye tí tiyín máa jẹ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.